Kí ẹ tó pààrọ̀ pùrósẹ́sọ̀, ẹ ka iye ẹyọ RAM tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni mò ń lò, Core i5-8500, RAM 8GB ẹyọ kan ṣoṣo, SSD 256GB, kò ní káàdì graphics. Premiere Pro ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Fídíò 1080p kì í yọ mí lẹ́nu púpọ̀, àmọ́ bí mo bá ti gbé 4K wọlé, tí mo tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, tí mo kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sí i lórí, ńṣe ni á máa já. Task Manager ń sọ pé pùrósẹ́sọ̀ ti dé 100%. Ẹni tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní Tákíè ní kí n fi i7-8700 sí i. Ẹni tó ń tajà ní Ìbàdàn ní RAM ni kí n rà, kí n sì ra 3200, torí pé 2666 tèmi ti di ti àtijọ́. Àbúrò mi tó wà ní LAUTECH ní kí n tà á dànù, kí n bọ́ sí DDR5, ìran RAM tuntun. Owó mi ò lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?"

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Owó kan ló wà lápò, ẹni mẹ́ta sì ti tọ́ka sí ọ̀nà mẹ́ta. Mi ò rí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé kò sí ẹni tó kọ́kọ́ béèrè ohun tí pùrósẹ́sọ̀ yín ń dúró dè nígbà tí fídíò bá ń já. Èmi á ní kí ẹ ra RAM 8GB kan péré sí i, kí ó jọ ti àkọ́kọ́, kí ó di ẹyọ méjì nínú ẹ̀rọ yẹn, kí ẹ sì fi pùrósẹ́sọ̀ sílẹ̀ ná. "Ẹyọ kan ṣoṣo" tí ẹ kọ yẹn ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ, àwọn olùdámọ̀ràn yín sì fò ó dá.

Nǹkan mẹ́ta ni a máa ń lọ́ pọ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀ RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ sí. Èkíní ni ààyè, ìyẹn iye GB tó lè gbà. Èkejì ni ìbú ọ̀nà, tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní bandwidth: iye dátà tó lè gba àárín RAM àti pùrósẹ́sọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀kẹta ni ìdúró: bí pùrósẹ́sọ̀ bá béèrè nǹkan, yóò ti pẹ́ tó kí èyí àkọ́kọ́ tó débẹ̀? Bí ààyè bá tán, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó wà nínú RAM lọ sórí SSD. SSD oníwáyà SATA kì í ju nǹkan bíi 550MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ẹyọ RAM yín kan ṣoṣo lè gbé 21,300MB, nítorí náà ńṣe ni gbogbo nǹkan á dákú lójijì: ẹ á tẹ bọ́tìnì, kò ní dáhùn. Bí ó bá jẹ́ ìbú ọ̀nà ni kò tó, kò sí ohun tó máa dákú. Iṣẹ́ á kàn máa falẹ̀, fídíò á máa já, gbogbo ẹ̀ á sì dà bí ẹni pé pùrósẹ́sọ̀ ni kò lágbára. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé pùrósẹ́sọ̀ ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Nínú ẹ̀rọ tiyín, ààyè ò tó, ìbú ọ̀nà náà ò tó. Adobe fúnra wọn dá a lámọ̀ràn pé kí ẹni tó ń ṣe HD ní 16GB, kí ẹni tó ń ṣe 4K ní 32GB. 8GB kàn wà níbẹ̀ kí Premiere lè ṣí ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọta. Bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì lágbára tó, ìwọ̀n ata tí ọwọ́ bá bù sí ẹnu ẹ̀rọ ló máa lọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń fi abọ́ kan bu ata láti inú báfù, tí ẹnu ẹ̀rọ sì ń gbẹ kí abọ́ tó tún padà dé, ẹ́ńjìnnì á máa ké, epo á máa jó, ata ò ní tètè tán. Ẹni tó bá lọ ra ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju tẹ́lẹ̀ lọ nítorí ìyẹn, ariwo àti epo ló fowó rà. Pùrósẹ́sọ̀ ni ẹ́ńjìnnì. RAM ni báfù. Ẹnu ẹ̀rọ ni cache, ìyẹn ibi ìpamọ́ kékeré tó wà nínú pùrósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, 9MB sì ni ti i5-8500. Ọwọ́ tó ń bu ata ni wọ́n ń pè ní channel, àwọn tó ṣe pùrósẹ́sọ̀ yín sì fún un lọ́wọ́ méjì. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ẹyọ RAM kan ló wà níbẹ̀, ọwọ́ kan ló ń ṣiṣẹ́; èkejì kò rí báfù tó máa bù nínú rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Channel kọ̀ọ̀kan ń gbé báìtì 8 lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà 2666 tó wà lára DDR4-2666, irú RAM tiyín, túmọ̀ sí pé ó ń gbé ẹrù ní ìgbà mílíọ̀nù 2,666 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ á rí nǹkan bíi 21.3GB. Ẹyọ méjì lórí channel méjì á fún yín ní 42.6GB. Ẹ wá wo èyí: kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ti àtijọ́ tó ní i5-4590, tó ń lo DDR3-1600 ẹyọ méjì, ní 25.6GB. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn ti ń pè ní àlòkù, tí wọ́n fi ń tẹ ìwé níbi ìtẹ̀wé, ní ojú ọ̀nà RAM tó fẹ̀ ju tiyín lọ báyìí. Gbogbo iye wọ̀nyí jẹ́ ti orí ìwé o. Lójú iṣẹ́, kì í pé bẹ́ẹ̀, torí pé RAM máa ń dá iṣẹ́ dúró díẹ̀ láti tún ara rẹ̀ sọ jí, ó sì máa ń pàdánù àkókò nígbà tó bá ń yí láti kíkà sí kíkọ. Àmọ́ ìdínkù yẹn ń bá ẹyọ kan, ó ń bá ẹyọ méjì.

Kí ló wá dé tí 1080p fi ń lọ tí 4K sì ń já? Ẹ jẹ́ ká wo fírémù kan ṣoṣo. Àwòrán 4K jẹ́ 3840 lọ́nà 2160, ó lé díẹ̀ ní àmì mílíọ̀nù 8. Bí Premiere bá ń tún àwọ̀ ṣe ní ìpele tó péye jù, àmì kọ̀ọ̀kan lè gba báìtì 16. Fírémù kan di nǹkan bíi 133MB nìyẹn, cache yín sì jẹ́ 9MB péré. Kò sí bó ṣe lè wọ ẹnu ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Láti inú RAM ni wọn á ti máa bù ú, inú RAM náà ni wọn á tún dà á sí. Fídíò tó ń sáré ní fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á gba 3.3GB láti kà á, á tún gba 3.3GB láti kọ ọ́ padà, ìyẹn 6.6GB fún iṣẹ́ kan lórí fídíò kan. Ẹ tún àwọ̀ ṣe, ẹ kọ orúkọ sí i, ẹ fi fídíò kejì bọ́ sí i níbi tí àwòrán méjì ti ń wọ inú ara wọn: ẹ ti ń sún mọ́ 20GB, gbogbo ohun tí ẹ sì ní lórí ìwé kò ju 21.3GB. Ti 1080p jẹ́ ìdá mẹ́rin rẹ̀, òun ló fi ń rí ọ̀nà gbà. N óò sọ òótọ́ pé ìṣirò yìí le ju bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ, torí pé Premiere máa ń dá ọgbọ́n sí i: ó lè pa iṣẹ́ méjì pọ̀ kí ó tó dá fírémù padà sínú RAM, ó sì lè lo ìpele tó kéré sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó fi ibi tí ìdíwọ́ wà hàn. Ohun mìíràn tún wà: nítorí pé ẹ ò ní káàdì graphics, UHD 630, ẹ̀yà graphics tó wà nínú pùrósẹ́sọ̀, ló ń ṣe apá kan iṣẹ́ àwọ̀, kò sì ní RAM tirẹ̀. Inú báfù kan náà lòun àti core mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú pùrósẹ́sọ̀, jọ ń bù.

Ọ̀rọ̀ 100% tí Task Manager ń sọ ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Nígbà tí pùrósẹ́sọ̀ bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ RAM tí kò sì tíì dé, Windows kò kà á sí ẹni tó jókòó lásán. Lójú Windows, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, pùrósẹ́sọ̀ tó ń lọ ata gan-an àti èyí tó ń ké lórí ẹnu gbígbẹ, 100% kan náà ni wọ́n máa fi hàn. Nọ́ńbà yẹn kò lè sọ fún yín pé pùrósẹ́sọ̀ kò tó. Ohun tó ń sọ kò ju pé kò ráyè lọ.

Ó yá, i7-8700. Pùrósẹ́sọ̀ dáadáa ni. Core mẹ́fà ló ní bíi tiyín, ṣùgbọ́n thread (iye iṣẹ́ tó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà) 12 ló ń lò dípò 6, cache rẹ̀ jẹ́ 12MB, ó sì lè sáré dé 4.6GHz nígbà tí tiyín ń dúró ní 4.1GHz. Ojúbọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò, nítorí náà ó sábà máa ń wọlé bí BIOS ẹ̀rọ yín, ètò tó ń jí ẹ̀rọ bí ẹ bá tàn án, bá mọ̀ ọ́n. Àmọ́ DDR4-2666 lórí channel méjì lòun náà ń lò, kò fi nǹkan kan ju i5 lọ níbẹ̀. Bí ẹ bá fi sórí ẹyọ RAM kan yẹn, thread 12 ni á máa na ọwọ́ sí 21.3GB tí 6 ń jà lé lórí lónìí. Níbi tí cache bá ti gba iṣẹ́ dáadáa, bíi kí a máa fi pùrósẹ́sọ̀ nìkan render (yọ fídíò tó ti parí jáde) fídíò 1080p gígùn sí H.264, irú fáìlì fídíò kan, ẹ óò rí èrè rẹ̀. Níbi tí ẹ ti ń jìyà gan-an, lórí 4K tó ní àwọ̀ àti àwòrán méjì tó gun ara wọn, owó yẹn á wọlẹ̀ láìfọhùn. Ẹ má gbàgbé ooru náà. Nínú àpótí kékeré tí eruku ti dí fáànù rẹ̀, i7 máa ń gbóná, á sì fúnra rẹ̀ dín ìyára kù, ẹ á wá máa sanwó fún 4.6GHz tí ẹ kò ní rí.

Ti ẹni Ìbàdàn: òótọ́ ni pé RAM ni, ṣùgbọ́n 3200 kọ́ ni yóò tú yín sílẹ̀. Pùrósẹ́sọ̀ yín àti mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà jókòó lé) irú ẹ̀rọ ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ti fi òpin sí i ní 2666. Bí ẹ bá ki 3200 bọ̀ ọ́, á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 2666 ló máa sáré. Mọ́dábọ́ọ̀dù oní-Z370 tàbí Z390 nìkan ló máa ń jẹ́ kí pùrósẹ́sọ̀ ìran yẹn kọjá ibẹ̀, kì í sì í ṣe irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Bí iye owó 3200 bá dọ́gba pẹ̀lú ti 2666, ẹ rà á, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ó bá wọ́n jù, ẹ fi sílẹ̀. Kódà nínú ẹ̀rọ tó gbà á, láti 2666 dé 3200 jẹ́ ìdá márùn-ún kan péré, nígbà tí láti ẹyọ kan dé ẹyọ méjì jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìdúró náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ (CL ni iye ìlù aago RAM tó ń fi dúró): 2666 oní-CL19 ń gba nǹkan bíi nánósẹ́kọ́ńdì 14.3 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì, 3200 oní-CL22 ń gba 13.75.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹyọ kejì, ẹ tú àpótí yín kọ́kọ́, kí ẹ ya fọ́tò ìwé kékeré tó wà lára RAM yín. Ẹ á rí nǹkan tó jọ "8GB 1Rx8 PC4-2666V-UA2". Gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. PC4 ni DDR4. 2666V ni ìyára rẹ̀. 2400T ni ti 2400, 3200AA ni ti 3200. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ṣe kókó: U ni ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, S ni èyí kúkúrú ti láptọ́ọ̀pù àti ti àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tó ṣeé fi ọwọ́ kan gbé. Bí ẹ bá rí R níbẹ̀, ẹ dá a padà. Ti sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́, ni, ó máa ń pọ̀ lọ́jà, ó máa ń dínwó, ojú rẹ̀ sì jọ tiyín, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yín kò ní tan pẹ̀lú rẹ̀ láéláé. 1Rx8 túmọ̀ sí pé ẹyọ dúdú 8 ni wọ́n tò sí ara rẹ̀. 1Rx16 jẹ́ 4 péré. Ẹ yan 1Rx8 bí ẹ bá ríyàn, nítorí pé oní-1Rx16 kò ní ọ̀pọ̀ yàrá nínú tí a lè máa ṣí lójú kan náà, ó sì máa ń falẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ 2666 sí àwọn méjèèjì lára. Ní Queen Cinema ní Ìbàdàn tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ fi fọ́tò yẹn han ẹni tó ń tajà, kí ẹ sì ní kí ó fi sínú ẹ̀rọ lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Kò pọn dandan kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ìyára wọn bá yàtọ̀, èyí tó lọ́ra jù ni àwọn méjèèjì máa bá lọ. Bí owó ò bá tó 8GB, 4GB náà lè ṣe é: 4GB nínú ti àkọ́kọ́ á bá a rìn lórí channel méjì, 4GB tó kù á máa dá rìn. Ó sàn ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ èmi ò ní kí ẹ ṣe é bí ẹ bá lè dúró oṣù kan sí i.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ dán an wò. Ọ̀pọ̀ àwọn alábàáṣiṣẹ́ yín ní Under G ń lo irú ẹ̀rọ kan náà, ẹ yá ẹyọ RAM kan lọ́wọ́ wọn fún wákàtí kan. Ẹ mú fídíò 4K oníṣẹ́jú méjì, ẹ fi àwọ̀ àti orúkọ sí i bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ pa Chrome, kí ẹ render rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú sílẹ̀. Ẹ ju ti àkọ́kọ́ nù. Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹyọ kejì sí i, ẹ tún un ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá lè rí 4GB méjì yá, ìyẹn tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ: ààyè á ṣì jẹ́ 8GB bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí, ti ìbú ọ̀nà nìkan ni. Mi ò lè sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ máa jèrè láti ibi tí mo wà. Ohun tí ẹ tò sórí timeline ló máa sọ ọ́, aago ọwọ́ yín ló sì máa jẹ́rìí.

Fífi sí i kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ní àkókò ọyẹ́, ara wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń gbẹ débi pé aṣọ á máa ta pàrà bí a bá bọ́ ọ. Irú iná bẹ́ẹ̀ lè pa RAM láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà ẹ fọwọ́ kan irin àpótí ẹ̀rọ kí ẹ tó mú RAM, ẹ má sì ṣe é lórí rọ́ọ̀gì. Bí sílọ́ọ̀tì bá jẹ́ méjì, ọ̀kan ló ṣẹ́ kù, kò sí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á fi méjèèjì sórí channel kan, owó á ti jáde, ọwọ́ kan náà ló ṣì ń bu ata. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, ìkejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ pùrósẹ́sọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò. Ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì máa ń yàtọ̀, ẹ wo àwòrán tó wà nínú ìdérí àpótí tàbí àwọ̀ ìdè sílọ́ọ̀tì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀là ìsàlẹ̀ RAM bá ti sílọ́ọ̀tì mu, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí ìdè yóò fi dún "kẹ́" ní ìhà méjèèjì. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ mú sùúrù bí ìṣẹ́jú kan, ó lè jẹ́ pé ó ń mọ RAM tuntun náà. Bí ó bá ń ké "píí", ẹ yọ ọ́, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu ojú wúrà ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbọn eruku inú sílọ́ọ̀tì, kí ẹ tún un fi sí i. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí CPU-Z, ètò kékeré tó ń fi ohun inú kọ̀ǹpútà hàn, ẹ wo abala Memory: kí ó kọ Dual tàbí "2 x 64-bit" níwájú Channel. Ẹ máa rí nǹkan bíi 1333MHz níbi DRAM Frequency, ẹ má jáyà, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 2666. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ oníbàárà lé e lórí, ẹ jẹ́ kí MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, yí i po lẹ́ẹ̀kan tán ní ọjọ́ tí iná bá dúró tàbí tí inverter bá kún. RAM tó ní àbùkù kì í sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Fáìlì ìgbéyàwó ló máa ń bà jẹ́ ní òru ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹyọ kejì kò ní wò sàn. Bí kámẹ́rà yín bá ń ya H.265 oníbit 10 ní 4:2:2, irú fídíò tí àlàyé àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, UHD 630 kò mọ bí a ṣe ń tú u. Pùrósẹ́sọ̀ nìkan ló máa fi agbára tú u, á sì máa já bó ti wù kí RAM pọ̀ tó. Proxy ni oògùn rẹ̀: ẹ jẹ́ kí Premiere ṣe ẹ̀dà kékeré 720p, ẹ fi ìyẹn ṣiṣẹ́, kí ó padà sí ojúlówó nígbà tí ẹ bá fẹ́ render. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, àyàfi ààyè lórí dísìkì, SSD 256GB sì tètè ń kún. Bí fídíò bá sì wà lórí hard disk tó ń yí, tó ń gbé bíi 100 sí 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò.

Lẹ́yìn RAM, káàdì graphics ni èmi á fi síwájú i7. Àtúnṣe àwọ̀ nínú Premiere máa ń lọ sórí káàdì bí ó bá wà, káàdì sì ní RAM tirẹ̀ lọ́tọ̀: GTX 1650 oní-GDDR5 ní 128GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹyọ RAM méjì máa fún yín. Irú rẹ̀ tó ń jẹ iná 75W, tí kò nílò wáyà iná àfikún, wà. Èyí tó kúrú fún àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà. Ẹ wọn àpótí yín kí ẹ tó lọ.

Ti àbúrò yín ní LAUTECH, ojú rẹ̀ ríran jìnnà. DDR5-6000 ẹyọ méjì jẹ́ 96GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n DDR4 kì í wọ sílọ́ọ̀tì DDR5, nítorí náà pùrósẹ́sọ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù àti RAM ni ẹ máa rà lẹ́ẹ̀kan, àpótí àti pààwà (ẹ̀yà tó ń pín iná) kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kì í sì í sábà gba mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, ìyẹn náà á wọ ìnáwó. Bí ọjọ́ yẹn bá dé, ẹ wo pùrósẹ́sọ̀ i5-12400 lórí mọ́dábọ́ọ̀dù oní-DDR4 dáadáa. Ó ń tú 4:2:2 oníbit 10 fúnra rẹ̀, ẹyọ RAM gígùn méjì tí ẹ ní á sì bá yín lọ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ DDR5 lórí Ryzen 7000, pùrósẹ́sọ̀ AMD, lẹ fẹ́, ẹyọ méjì tó tóbi ni kí ẹ rà, kì í ṣe mẹ́rin kéékèèké: AMD fọwọ́ sí 5200 fún méjì, wọ́n sì dín in sí 3600 bí ó bá di mẹ́rin. Ẹni tó ra mẹ́rin á fowó ńlá sọ ọ̀nà tó fẹ̀ di tóóró.

Kí àbúrò yín náà mọ̀ pé iṣẹ́ tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí tiyín. Bí ó bá ń fi pùrósẹ́sọ̀ lo AI lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ìbú ọ̀nà RAM ni ọba níbẹ̀: kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó jáde, gbogbo módẹ́ẹ̀lì ni a gbọ́dọ̀ kà já. Módẹ́ẹ̀lì 4GB lórí 21.3GB kò lè ju ègé ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí 42.6GB ó lè dé mẹ́wàá. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ Word, PowerPoint àti Chrome, ìbú ọ̀nà kò kàn án, ààyè ni kó wá.

Fún tiyín, ẹ ra ẹyọ kejì, kí CPU-Z kọ Dual, kí ẹ tún fídíò oníṣẹ́jú méjì yẹn render. Bí aago bá sọ pé kò sí ìyàtọ̀ tó nítumọ̀, tí proxy náà kò sì ràn án, ẹ wá káàdì. Nígbà tí káàdì bá ti wà, tí render H.264 gígùn nìkan ló kù tó ń pẹ́, ẹ lè padà lọ bá ẹni yẹn ní Tákíè fún i7-8700, kí ẹ sì ní kí ó yí ìpara ooru abẹ́ fáànù padà lọ́jọ́ náà.